Ọ̀rẹ́ Òru Ti Fẹ̀yìntì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn mí nínú láti bí oṣù mélòó kan, ó sì kù díẹ̀ kí n fi ìtìjú pa á mọ́.

Ìyá mi ń gbé ní Òdòjọ̀mù ní ìlú Oǹdó, nínú ilé tí bàbá wa kọ́ kí ó tó di olóògbé. Èmi ń gbé ní Àkúrẹ́. Ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tí ó bá tètè jí lè lọ kí ó sì padà kí oòrùn tó kan àtàrí. Síbẹ̀, ó máa ń tó oṣù kan kí n tó yọjú sí wọn. Bí ẹnìkan bá sì bi mí léèrè pé, "Màmá ńkọ́?" èmi a dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Ara wọn le. Wọn kò dá wà, wọ́n ní rédíò wọn." Èmi kò mọ̀ pé òtítọ́ pọ́ńbélé ni mo ń sọ.

Ó ju ogún ọdún lọ tí ọkùnrin kan fi ń bá àwọn tí kò tí ì sùn sọ̀rọ̀ láti ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́, bí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù. Èmi kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti lọ sinmi, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Òun a kọ́kọ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wọn: àwọn ọlọ́dẹ, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn awakọ̀ tí ń kó ẹrù lọ sí Èkó, àwọn tí ń yan búrẹ́dì, àwọn abiyamọ tí ọmọ wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn, àti àwọn àgbà tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò mú kókó ìròhìn ọjọ́ náà, yóò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ díẹ̀, yóò sì pe àlejò rẹ̀, bóyá ọdẹ kan láti Ìdànrè, bóyá olùkọ́ àgbà kan, yóò máa bi í ní ìbéèrè bí ọmọ tí ń bi bàbá rẹ̀ léèrè. Kì í pariwo. (Àwọn mìíràn wà lórí rédíò tí wọ́n rò pé adití ni gbogbo wa.) Bí ó bá di ààjìn, a wí pé, "Ó dàárọ̀ o. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, kí ó fara balẹ̀, ilẹ̀ yóò mọ́."

Àwọn baba wa pe ẹ̀rọ yìí ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àṣé kò rí bẹ́ẹ̀ ní Òdòjọ̀mù. Ìyá mi ń fún un lésì. Bí ó bá kí àwọn àgbà, wọn a ní, "Kú iṣẹ́, ọmọ mi." Bí ó bá ṣàwàdà, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì fi ìtàn tiwọn lé e. Bí ó bá ní ó dàárọ̀, wọn a ní, "Àmín, kí Olúwa jí wa ire." Nígbà náà ni wọ́n tó ń pa iná.

Ẹ mọ òfin iṣẹ́ ìjọba: ọdún 60 láyé, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá ṣáájú dé, kí òṣìṣẹ́ máa lọ ilé. Òfin náà kò béèrè bóyá ohùn ènìyàn ti rẹ̀ tàbí kò tí ì rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí pé ẹni ọdún 60, ọjọ́ rẹ̀ pé. Ní alẹ́ ìkẹyìn kò mú àlejò kankan wá. Ó ní kí àwọn olùgbọ́ pe òun. Mo ṣe àìsùn ní Àkúrẹ́ láti gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ ohun ìyanu fún mi. Alábúrẹ́dì kan ní ohùn rẹ̀ ni òun fi ń mọ ìgbà tí ìyẹ̀fun ti wú tó, láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, òun sì ti ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹ́rin nísinsin yìí. Ọlọ́dẹ kan ní òun kò ní ohun pàtó láti sọ. Òun kàn fẹ́ kí ó gbọ́ ohùn òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé láti ọjọ́ yìí òun nìkan ni ó ti ń gbọ́ tirẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọkọ rẹ̀ tí ó kú ní ilé ìwòsàn nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì lè parí rẹ̀. Olóòtú náà dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lórí rédíò, ẹ̀yin ará, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan gùn ju ìwàásù lọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí aago kan òru lù, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Wọ́n ti lé ọmọ yìí."

Mo ní, "Wọn kò lé e, Màmá. Ó fẹ̀yìntì ni."

Wọ́n ní, "Òun fẹ̀yìn ti ògiri. Èmi tí mo fẹ̀yìn ti òun ńkọ́?"

Mo dáhùn bí ọ̀mọ̀wé, pé ẹlòmíràn yóò bọ́ sí ipò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde ní ẹnu mi ni mo rántí pé mo ti sọ ọ́ rí, ní ilẹ̀ òkèèrè, fún ìyá mìíràn.

Ní ọdún 1992 mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, mo sì gba yàrá kan ní ilé opó arúgbó kan, òyìnbó. Ní ìgbà náà, Johnny Carson ni ọba òru ní ilẹ̀ wọn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1962 ni ó ti ń ṣe olóòtú The Tonight Show lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti NBC. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é sílẹ̀ ní Burbank ní California, òru ni wọ́n ń gbé e jáde. Ed McMahon a fa orúkọ rẹ̀ gùn bí ẹni tí ń ki ọba, aṣọ ìkélé a ṣí, Carson a jáde, a fi ìròhìn ọjọ́ náà dá wọn lẹ́rìn-ín, a sì jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀ láti gba àlejò. Opó yìí, wọn a ti fọ àwo, wọn a ti pa iná ilé ìdáná, wọn a ti mú mílíìkì gbígbóná lọ́wọ́ kí aṣọ ìkélé náà tó ṣí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún, Carson jókòó lórí àga gíga kan láìsí àlejò, ó dúpẹ́, ó sì kí gbogbo ilẹ̀ náà pé ó dàárọ̀. Ẹni ọdún 66 ni. Kò sí òfin tí ó lé e. Òun ni ó yan ọjọ́ tirẹ̀. Opó náà sunkún. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin aláìmòye, mo wí nínú ọkàn mi pé, ẹni tí kò mọ orúkọ yín ni ẹ ń sunkún fún? Mo sì ní kí wọ́n má bínú, pé Jay Leno yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Òun kọ́ ni ó wà níbí ní ọdún tí ọkọ mi kú." Wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé òru kò fi Carson sílẹ̀ bí òun ti fi í sílẹ̀. Kò padà sí ipò náà mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fẹ̀ kan bá sọ sí i lọ́kàn, a kọ ọ́, a fi ránṣẹ́ sí David Letterman, Letterman a sì sọ ọ́ lórí ètò tirẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2005, oṣù tí Carson kú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ pé wọ́n ti ń gbọ́ ọ láìmọ̀. Letterman náà lo ọdún 33 lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ìgbà 6,028 ni ó sì jáde síwájú àwọn ènìyàn kí ó tó fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2015. Stephen Colbert ni ó jókòó sí àga rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, CBS kéde pé ètò náà yóò parí pátápátá ní oṣù Karùn-ún ọdún 2026. Níbẹ̀, àga pàápàá ni wọ́n ní kí ó fẹ̀yìntì.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé ìpè ìyá mi, mo lọ sí Oǹdó. Mo bá rédíò lórí tábìlì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Mo bi wọ́n nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gba ipò náà. Wọ́n ní, "Ọmọ dáradára ni. Ó ń kánjú ni." Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, a jókòó, èmi kò sì mọ ohun tí n ó sọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá wa ti ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí mo ń lọ sí òkè òkun, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó, tí ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Irun orí mi ti funfun. Èmi kò gbọ́ ọ rí.

Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní, "Mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún ọmọ yẹn, ní òru ọjọ́ kan tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pè wọ́n ní aago mọ́kànlá alẹ́. Èmi kò ní àlejò, èmi kò mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, ìròhìn mi kò sì ju ti Ọjà Ọba àti ti owó epo ọkọ̀ lọ. Wọ́n ń fi ara dà á. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, oorun gbé mi lọ lórí àga. Fóònù ni ó jí mi. Aago ti kọjá méjìlá.

Ìyá mi ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà ti fẹ̀yìntì ni?"