Ẹ má fi àkísà gbígbẹ nu mọ́tò l'Óníru o!

Ẹni tó bá yá mọ́tò àna rẹ̀ lọ sóde, ọkàn onítọ̀hún kì í balẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo gbé mọ́tò ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ síbi ìgbéyàwó kan létí òkun l'Óníru. Mọ́tò náà dúdú kirikiri, kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n kùn ún. Kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní, "Àna, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dà yẹn o."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Oníru, ẹ ó gbà pé ilẹ̀ iyanrìn ni. Kí àwọn ilé olówó tó wà níbẹ̀ lónìí tó dé, Màrókò ni wọ́n ń pe apá kan níbẹ̀. Lóṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Rájí Ràsákì ń ṣe gómìnà ológun l'Ékòó, ìjọba fi katapílà wó Màrókò, àìmọye èèyàn sì di aláìnílé. Olówó rọ́pò mẹ̀kúnnù, ilé aláràbarà rọ́pò ilé páákó, iyanrìn nìkan ni kò kó lọ. Láti ọdún 2024 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títì etíkun tó fẹ́ dé Kàlàbá, eruku tún ti fi kún un.

Nígbà tí mo jáde lóde ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mọ́tò dúdú ti di aláwọ̀ eérú. Atẹ́gùn òkun ti da yanrìn àti iyọ̀ bò ó. Kí n tó mọ ohun tó ń lọ, ọmọkùnrin kan ti yọ sí mi: "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n bá yín nù ún." Ló bá fa àkísà gbígbẹ yọ, ó gbé e lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fà á. Ariwo tó jáde níbẹ̀, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń ha ìdí ìkòkò!

"Fi í sílẹ̀!" Bàbá kan tó ń fọ mọ́tò nítòsí ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ wa, ó fìka tọ́ka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà níbẹ̀. Inú mi dà rú.

Bàbá ní kí n má ká yanrìn kékeré. Ó le débi pé ó lè ha gíláàsì. Ohun tó sì ń dán lára mọ́tò, ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n fi bo ọ̀dà gidi ni, kì í sábà nípọn tó ẹyọ irun orí kan. Bí yanrìn bá ti wà láàárín àkísà àti ọ̀dà, sáńpépà lẹ fi ń nu mọ́tò yẹn.

Mo ní kó bá mi fọ̀ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ ibòòji kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù, torí ọṣẹ máa ń gbẹ mọ́ ibi tó bá gbóná. Lẹ́yìn náà ló da omi sí i látòkè délẹ̀, omi púpọ̀, kò sì fọwọ́ kàn án rárá. Ó ní omi ló yẹ kó kọ́kọ́ kó yanrìn lọ. Ó da omi sábẹ́ mọ́tò náà pẹ̀lú, nítorí iyọ̀ òkun máa ń jẹ́ kí irin dógùn-ún.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló gbé kalẹ̀. Ọṣẹ mọ́tò wà nínú ọ̀kan, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ tó máa ń bó wáàsì dànù. Omi lásán wà nínú èkejì. Bó bá ti fọ ibì kan, yóò kọ́kọ́ ṣan aṣọ rẹ̀ tó múlọ́múlọ́ nínú omi lásán kó tó tún tì í bọ ọṣẹ. Orí mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ tó dọ̀tí jù ló fi parí. Aṣọ táyà wà lọ́tọ̀. Nígbà tí aṣọ kan já bọ́ sílẹ̀, kò tún gbé e kan mọ́tò mọ́. Ó fi omi ṣan án, ó sì rọra fi aṣọ ìnura tó fẹ́lẹ́ gba omi kúrò.

Mo fẹ́ bínú sí ọmọ yẹn, bàbá ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Àbúrò, owó la fi ń ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ tánkà. Àkísà ò gbówó. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní ẹ ò ní í san tomi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ń ṣahun omi, owó ọ̀dà ló ń tọ́jú. Ẹ tún kìlọ̀ fún mẹ́gádì yín tó ń fi aṣọ gbígbẹ nu mọ́tò láràárọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Nígbà tí mo dá mọ́tò padà, mo jẹ́wọ́ kí àna mi tó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì títí. Ó ní, "Àna, gbígbẹ ni wọ́n nù ún, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò tíì fojú kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà mọ́.