Àwọn tó yà á ńkọ́?

Ìwé àwòrán ọmọdé tí wọ́n ń pè ní The Beano, tí ilé iṣẹ́ D.C. Thomson ti ìlú Dundee ní Scotland bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde lọ́dún 1938, ti pa ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti ìran dé ìran lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń yàwòrán inú rẹ̀ kì í sábà fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn. Dudley Watkins wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n gbà fún.

Ti Leo Baxendale ló ká mi lára jù. Òun ló dá Minnie the Minx sílẹ̀ lọ́dún 1953, ọmọbìnrin aláìgbọràn tí kò sí ọkùnrin tó lè bá a du ìjàngbọ̀n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó mú The Bash Street Kids dé: aago iléèwé á lù, ọmọ á sì tú jáde bí oyin, ojú ìwé á kún fọ́fọ́ débi pé ojú rẹ ò ní mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò. (Mo fẹ́ràn rúkèrúdò yẹn ju àwòrán mímọ́ tónítóní lọ.)

Ó kúrò ní The Beano lọ́dún 1962, àwọn ẹlòmíì sì ń bá yíyà àwọn àwòrán rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọdún méje ni wọ́n fi fà á kí wọ́n tó parí ẹ̀ níta kóòtù lọ́dún 1987.

Àwọn kan á ní kí lọmọdé fẹ́ fi orúkọ ayàwòrán ṣe. Mi ò gbà. Ọmọ tó ń kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á dá ọwọ́ tó yà á mọ̀. Wọn ò kàn sọ orúkọ ọlọ́wọ́ fún un ni.