Bíbèèrè Ẹ̀tọ́ Ọmọ Kì í Ṣe Agbe Ṣíṣe

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣakí máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá rí mi tí mo ki ìwé bọ abíyá, tí mo ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n á ní, “Àáfà, ẹ̀yin náà ń lọ tọrọ?” Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni wọ́n ń bi.

Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 11. Ibà apọ́njú ló kọlù ú ní ọ̀sẹ̀ tí a bí i. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó ti ba apá ibi tí ó ń darí ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ahọ́n jẹ́ nínú ọpọlọ. Kò lè rìn, kò lè dá jẹun, ọ̀rọ̀ a sì máa fà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká: bí àwọn ọmọ ilé kéwú bá ṣi súrà kà, òun ló máa ń kọ́kọ́ pariwo láti orí ẹní. Ìyá rẹ̀ a máa ta èlùbọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń ná ọjà láti Ṣakí dé Ìṣẹ́yìn. Ó ti fi ọjà sílẹ̀, nítorí ọmọ ọdún 11 kì í ṣe ẹni tí à ń pọ̀n lọ sọ́jà. Bí dókítà bá pè wá sí Ìbàdàn, owó àyè méjì ni à ń san fún un nínú ọkọ̀, torí kò lè jókòó, a ní láti tẹ́ ẹ lé itan. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́dún, kí ẹ sì ro owó ọjà tí kò wọlé mọ́ mọ́ ọn.

Òótọ́ ni pé ẹ̀sìn wa kò fẹ́ agbe. Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí ó ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn kan náà ló ya ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára agbe. Irú ènìyàn mẹ́jọ ni Súrà Táobà kà pé sàkáà tọ́ sí. Nígbà Kálífà Úmárù, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé, wọ́n sì ń san owó fún wọn láti inú Báítúl-máálì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí a bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni wọ́n ń san tirẹ̀. Ìtàn sọ pé Úmárù gbọ́ igbe ọmọ kan lóru. Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé ńṣe ni ìyá rẹ̀ ń fi tipátipá já a lẹ́nu ọmú kí owó náà lè tètè kàn án. Ọ̀rọ̀ náà dun Úmárù, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ ìbí ni kí wọ́n máa san owó ọmọ. Nígbà tí ó mọ ìdí rẹ̀, kò fìyà jẹ ìyá náà. Òfin ló tún ṣe.

Àwa náà ní òfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ọdún 2018 tí ó ka yíyan aláàbọ̀ ara nípọ̀sí léèwọ̀. Òfin náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí dé ilé ìwé girama. Ó ní níbi tí èrò bá tò sí, òun ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo mọ́sálásí gbọ́: ẹni tí ó bá ń mú aláàbọ̀ ara káàkiri ìgboro láti fi í tọrọ báárà ti lu òfin, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ rí i pé òfin fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín báárà àti ẹ̀tọ́. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 náà ka aláàbọ̀ ara mọ́ àwọn tí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún, láti fi ran ìtọ́jú wọn lọ́wọ́.

N kò ní tàn yín jẹ. Òfin ọdún 2018 kò la owó oṣooṣù sílẹ̀ fún ìyá tàbí bàbá tí ó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà. Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ń tọ́jú aláàbọ̀ ara. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ obìnrin tí ó wà nílé ọkọ kúrò, bí ẹni pé iṣẹ́ ilé rẹ̀ náà ni. Jacqueline Drake, obìnrin kan tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó bèèrè, wọ́n kọ̀ fún un. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, ó sì jàre ní ọdún 1986. Bí owó náà ṣe kan àwọn abilékọ nìyẹn. Ìbéèrè ló mú un wá.

Ní ọ́fíìsì tí mo kọ́kọ́ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí tábìlì wo ìwé dókítà, ó mí kanlẹ̀, ó sì yọ ẹgbẹ̀rún náírà kan láti àpò ara rẹ̀. “Bàbá, ẹ fi wọ mọ́tò.” Àánú ló ṣe é, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo dá owó náà padà. Mo ní, “Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò san án fún ọ. Ohun tí mo bá wá wà nínú fáìlì ìjọba, kò sí lápò rẹ.” Ó ní fọ́ọ̀mù ti tán. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà kẹrin ni orúkọ ọmọ mi wọ ìwé. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí. Àwọn ọmọ ilé kéwú méjì ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún tí òfin fún àwọn ilé ìjọba láti la ọ̀nà fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pé ní ọdún 2024, síbẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn náà ni mo ń bá kiri báyìí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ yín pamọ́ sí yàrá. Abdullahi ọmọ Ummu Maktumu fọ́jú, síbẹ̀ ó ń pe ìrun ní Mọ̀dínà, Ànábì sì máa ń fi ìlú lé e lọ́wọ́ bí ó bá rin ìrìn-àjò. Ẹ gba ìwé ìbí ọmọ, ẹ gba nọ́ńbà NIN rẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ lọ àti orúkọ ẹni tí ẹ bá sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá àwọn ìyá tí kò gbọ́ ọ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ, sàráà ni. Ẹ̀yin tí sàkáà wà níkàáwọ́ yín, ẹ wádìí ilé tí irú ọmọ yìí wà kí ìyá rẹ̀ tó wá na ọwọ́ sí yín.

Àmánà ni ọmọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lára àmánà náà, Ọlọ́run yóò sì bi wá nípa méjèèjì. Kí Ọba Àánú fún gbogbo òbí ní ìfaradà, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí rí ẹni ti kẹ̀kẹ́ wọn nígbà tí àwa kò bá sí mọ́. Àmín.