Mo Kẹ́ Ọkọ̀ Ọkọ Mi, Mo sì Bà Á Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, ìrònú náà sì ná wa lówó.

Ìlú Gravesend ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti baálé mi ń gbé. Kí ó tó fẹ́ mi ni ó ti ra ọkọ̀ Mazda MX-5 kan, ọ̀kan nínú irú àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà ní ọdún 1989. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ ni, ẹni méjì péré ni ó ń gbà, a máa ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí oòrùn bá ràn, ọwọ́ ni a sì fi ń yí jíà rẹ̀. Ọkọ̀ eré ni. Kì í ṣe pé agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ń yára gbọ́ràn sí ẹni tó ń wà á lẹ́nu. Bàbá Ìbejì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn ìyàwó ilé wọn máa ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé orogún mi ni.

Nígbà tí a bí ìbejì, a ra ọkọ̀ ńlá tí ó gba àga ọmọ. Láìpẹ́, iṣẹ́ gbé baálé mi lọ sí Scotland. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni í lò níbẹ̀ kí ó tó wá lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ó wí fún mi kí ó tó lọ pé: “Ìyá Ìbejì, má jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré yẹn dúró sójú kan. Máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú rẹ̀.” Inú mi dùn, nítorí n kò rí i kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Ìwé àṣẹ mi sì gbà mí láyè. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ṣe ìdánwò kò gbọdọ̀ wa èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtikọ́ ọkọ̀ wíwà níbẹ̀.

Ẹ wá wo irú ìtọ́jú tí mo ṣe. Bí ẹni gbé ẹyin ni mo ń wà á. Bí ẹ́ńjìnì bá ti fẹ́ gbóhùn sókè báyìí, n ó ti sáré yí jíà, tí n ó fi wà ní jíà kẹrin nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ó máa ń gbọ̀n lábẹ́ mi, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé ogbó ló ń ṣe é. Bí mo bá fẹ́ gbéra, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jọ̀wọ́ kilọ́ọ̀ṣì, bí ìyá tí ń sọ ọmọ tó ti sùn kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí iná ojú títì bá dá mi dúró lórí òkè, kilọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń gbé ọkọ̀ dúró kí ó má baà yí sẹ́yìn. Bí mo bá sì ń lọ geerege, ẹsẹ̀ òsì mi kì í kúrò lórí rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi kò ju máìlì méjì lọ. Ẹ́ńjìnì kò tíì gbóná tán tí n ó ti pa á.

Ní oṣù kẹwàá ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Bí mo ti ń gun òkè bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, mo tẹ iná, ẹ́ńjìnì pariwo, ọkọ̀ kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Òórùn ohun tó ń jóná gba inú ọkọ̀. Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan, àgbàlagbà ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti pẹ́ ní Kent. Nígbà tí ó tú u tán, ó pè mí kí n wá wo àwo kilọ́ọ̀ṣì. Ó ti jẹ tán dé ibi ìṣó. Irin tí ó ń fara kan ti jóná di aláwọ̀ aró.

Mo ní, “Bàbá, n kò fi sáré rí láyé mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, mo mọ̀. Ẹni tó ń sáré kọ́ ló ṣe èyí. Ẹni tó ń bẹ̀rù ló ṣe é.”

Owó tí a san kò kéré, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn mí jù. Nígbà tí baálé mi dé, kò bá mi jà. Ó jẹun, ó bá àwọn ọmọ ṣeré. Ní alẹ́ ni mo gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tẹlifóònù pé òun yóò ta ọkọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí òun lè fi í sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ọkọ yóò mọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti ń gún ni. Èmi tí mo ń tọ́ ìbejì, tí mo ń ṣiṣẹ́ òru, tí mo ń ṣọ́ ilé, èmi ni “kò sí ẹni” náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà kí ẹ tó tà á. Mo fẹ́ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ yín.” Ó wò mí títí, ó ní ó dára.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá mẹkáníìkì. Ó kọ́kọ́ kọ́ mi pé bí ẹ́ńjìnì bá tutù, ọ́ìlì inú rẹ̀ a ki, kì í sì í tètè ṣàn. Aago tó ń fi ooru omi hàn a máa yára gòkè, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Nítorí náà, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, kí n má ṣe jẹ́ kí abẹ́rẹ́ aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì kọjá 3,000. Lẹ́yìn èyí, kí n jẹ́ kí ó kọrin. Nítòsí 7,000 ni ibi pupa ti bẹ̀rẹ̀ lójú aago náà. Bàbá ní àwọn tó ṣe ọkọ̀ kò fi ìyókù síbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnì lára ni kí ó máa yí díẹ̀ nínú jíà gíga, kí a wá tẹ iná mọ́lẹ̀ gbàgà pé kí ó gun òkè. Gbígbọ̀n tí mo pè ní ogbó, igbe ni ó ń ké sí mi.

Ní ti kilọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, tàbí kí ó kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Àárín méjèèjì ni ó ti ń jó, nítorí náà kíá ni kí a gba ibẹ̀ kọjá. Lórí òkè, iṣẹ́ bíréèkì ọwọ́ ni láti gbé ọkọ̀ dúró.

Sísọ jíà kalẹ̀ ni ó le jù fún mi. Bí a bá ti jíà kẹrin bọ́ sí ìkẹta lórí eré, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ yára sí i kí ó tó bá táyà dọ́gba. Bí a bá kàn jọ̀wọ́ kilọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ a fà ṣìì, kilọ́ọ̀ṣì ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀. A ní láti ta iná díẹ̀ láàárín, nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà ṣì wà lórí bíréèkì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó gbà mí. (Bàtà onígìgísẹ̀ kò lè ṣe é o, bàtà pẹlẹbẹ mi wà lábẹ́ àga títí di òní.)

Ó sì kìlọ̀ ohun kan fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a bá tẹ iná jù, ohun kan wà nínú ọkọ̀ tí ń dá ẹ́ńjìnì lẹ́kun. Ṣùgbọ́n bí a bá wà lórí eré, tí a fẹ́ ti jíà kẹta lọ sí ìkẹrin, tí ọwọ́ wá ṣì bọ́ sí ìkejì, táyà ni yóò máa fi ipá yí ẹ́ńjìnì, kò sì sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun mọ́. Ẹ́ńjìnì lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ́lẹwọ́ rírọ̀ ni kí a fi ti ọ̀pá jíà, kì í ṣe ìkúùkù.

Ojú títì kọ́ ni a ti ń sáré, pàápàá ẹni tó bímọ. Ṣùgbọ́n pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch kò jìnnà sí wa, ọjọ́ sì wà tí ará ìlú lè sanwó kí wọ́n gbé ọkọ̀ tiwọn wá. Kì í ṣe ìdíje, akoto ni a sì ń dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó lọ, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í dáhùn fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bàbá pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kí a tó lọ, nítorí bí ó bá ti pẹ́, a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí bíréèkì bá sì gbóná gidigidi, omi náà a hó, ẹsẹ̀ a kàn wọlẹ̀ lásán. Ìyá mi dúró ti àwọn ọmọ. Baálé mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Igun àkọ́kọ́, Paddock Hill Bend, sísọ̀ ni. Ilẹ̀ a yọ lábẹ́ ẹni bí ìgbà tí àtẹ̀gùn bá kù kan lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gun òkè lọ sí Druids, níbi tí a ti ń ṣẹ́rí padà pátápátá. Ní ìyípo kẹta, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀. Ní ìkarùn-ún, ní ojú títọ́ iwájú àwọn òǹwòran, mo fẹ́ ti jíà kẹta bọ́ sí ìkẹrin, ìwàǹwára sì mú mi fa ọ̀pá náà gba ibi tí kò yẹ. Ọ̀pá jíà kọ̀, ó ń ta ọwọ́ mi padà. Mo rántí Bàbá. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lórí kilọ́ọ̀ṣì. Mo dá ọ̀pá padà sáàárín, mo fi àtẹ́lẹwọ́ fà á sí ìkẹrin, a sì ń lọ. Mo gbọ́ tí baálé mi mí kanlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni mo wa ìyípo ìkẹyìn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí bíréèkì. Nígbà tí mo dúró, ọwọ́ baálé mi ń lọ síbi bíréèkì ọwọ́. Mo dì í mú. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ó ṣì gbóná, yóò lẹ̀ mọ́ irin. Inú jíà ni mo fi í sí.” Ó wo ọwọ́ mi lórí ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó dúró kí ó tutù díẹ̀, ó sì fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ó ti fà díẹ̀. Gbé ọ́ìlì wá.” Mo gbé e wá, ó bù ú sí i, ó nu ọwọ́. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i kí ó wà wá lọ sílé. Ó ti lọ sí ẹnu ọ̀nà òdì kejì, ó ń dúró kí n ṣílẹ̀kùn fún òun.