Aago Mẹ́jọ Àárọ̀ ní Ilé-Ìwòsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó láti ìdájí títí di ọ̀sán gangan nítorí àtirí dókítà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò mọ̀ pé wíwá ìlera pàápàá a máa gba okun lára ènìyàn. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìyá mi, tí ó ń ta èlùbọ́, ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé-ìwòsàn ìjọba kan ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni ọjọ́ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru níbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ sára káàdì gbogbo wọn: aago mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé aago kan náà ni wọ́n pe gbogbo ayé, olúkúlùkù a máa sáré kí ó lè ṣáájú ẹnì kejì rẹ̀. Bí èmi àti ìyá mi bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà, a óò bá àwọn tí ó ti dé ní aago márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì. Yàrá káàdì kì í ṣí títí di aago mẹ́jọ, dókítà a sì máa dé ní aago mẹ́sàn-án tàbí kí ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo rí ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Mo yọ́ lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi fi káàdì ìyá mi sókè, ó sì gbà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ìyá mi, ó wo arúgbó tí ó jókòó tì í, ó yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé àwa ni a bá màmá yìí níbí, àbí òun ni ó bá wa?” Kò dìde. Ojú tì mí púpọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán kù díẹ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ọjà rẹ̀ ni ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ ìpadàlọ pé, ó ní òun kò lọ mọ́, pé ara òun le, pé ọjà òun ń bàjẹ́. Ìlú mìíràn ni mo wà nígbà náà fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Oògùn rẹ̀ tán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí: ẹ̀gbà ti kọlù ú, ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì lè gbé apá ọ̀tún. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ni ó ń bá a wọn èlùbọ́ báyìí. N kò lè búra pé ìjókòó pípẹ́ nìkan ni ó fa èyí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òun ni ó lé e kúrò nídìí oògùn.

Ọ̀rọ̀ yìí mú kí n jókòó ṣe ìṣirò kan. Ká ní ìṣẹ́jú 10 ni dókítà kan ń lò fún aláìsàn kan, kí aláìsàn sì jẹ́ 30. Iṣẹ́ wákàtí 5 ni. Bí gbogbo wọn bá dé pọ̀ ní aago mẹ́jọ, tí dókítà sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni ìkẹyìn yóò dúró fún wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 50. Ṣùgbọ́n bí a bá pe ènìyàn 6 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tí yóò pẹ́ jù kò ní dúró ju ìṣẹ́jú 50 lọ. Dókítà kò pọ̀ sí i, iṣẹ́ kò sì dín kù. Aago tí a kọ sára káàdì nìkan ni ó yí padà.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1952, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò, àti J. D. Welch kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí aláìsàn méjì wà nílẹ̀ nígbà tí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí àwọn yòókù máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àkókò tí dókítà ń lò fún ènìyàn kan, kí dókítà náà sì máa dé lásìkò. Ní ọdún 1991, ìjọba ilẹ̀ náà ṣe ìlérí pé kí aláìsàn má ṣe dúró ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́yìn aago tí a fún un.

Ọgbọ́n yìí kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa kì í ná gbogbo ọjà agbègbè kan lọ́jọ́ kan náà. Bí ìlú yìí bá ná tirẹ̀ lónìí, ìlú kejì a ná tirẹ̀ lọ́la. Àwọn tí ń ṣe àáró mọ ọjọ́ tí oko olúkúlùkù kàn. Àwa olùkọ́ ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni ó ń kó gbogbo kíláàsì síwájú olùkọ́ kan ṣoṣo ní aago mẹ́jọ?

Àwọn kan yóò ní ọ̀nà jìn, ọkọ̀ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Nítorí náà, wákàtí ni kí a pín, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Kí a sì fún ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko ní aago mọ́kànlá. Kí a fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Kí a ti wá fáìlì jáde láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹ̀yìn wọlé bí èmi ti fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, nítorí bí a bá ti rí ẹnì kan tí ó gba ẹ̀yìn wọlé, kò sí ẹni tí yóò tún gba aago ara káàdì rẹ̀ gbọ́.

Mo bẹ àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn kí wọ́n dán èyí wò, ìbáà ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo nínú oṣù. Kò ní ná wọn ju yíǹkì bírò lọ. Ní ti ìyá mi, ó ti gbà láti máa lọ padà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n tún kọ sára káàdì rẹ̀. Aago márùn-ún ni a óò kúrò nílé.