Níbo ni Ojúde Wà?



Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, bi mí pé, "Dádì, kí ló ń jẹ́ ojúde?" Mo dáhùn bí olùkọ́ èdè: ojú àti òde ni a sọ di ọ̀rọ̀ kan, gbangba iwájú ilé ni. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Títì ló wà níwájú ilé tiwa, sà." Èsì tán lẹ́nu mi. Ní ojúde bàbá mi àgbà ni mo ti kọ́ àlọ́ àti eré òṣùpá. Ọmọ tèmi kò gbọdọ̀ dá jáde. Ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti gba ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ìlú Curitiba ní ilẹ̀ Bràsíl. Ní 1972, Jaime Lerner, ayàwòrán-ilé tí ó jẹ́ olórí ìlú náà nígbà náà, pinnu láti lé ọkọ̀ kúrò ní òpópónà kan láàárín ìlú. Àwọn onísọ̀ fárígá. Wọ́n ní bí ọkọ̀ kò bá dé, oníbàárà kò ní í dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí 72, òkúta wẹ́wẹ́ ti rọ́pò ọ̀dà, òdòdó sì ti wà nílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn onísọ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un.

Àwọn awakọ̀ kan lérí pé àwọn yóò fi ọkọ̀ gba ọ̀nà náà padà. Lerner kò pe ọlọ́pàá. Bébà gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí àwọn ọmọdé jókòó tì í, tí wọ́n ń ya àwòrán aláràbarà. Ta ni yóò wa ọkọ̀ gun ọmọdé? Wọ́n ṣẹ́rí padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Rua das Flores, èyíinì ni Òpópónà Òdòdó, ni wọ́n ń pe ibẹ̀.

N kò ní kí a ti gbogbo títì pa. Aláìsàn ní láti dé ilé ìwòsàn, ẹrù ní láti dé ọjà. Ṣùgbọ́n ṣé àdúgbò kan kò lè gbé igi dínà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, kí àwọn ọmọ fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ mèremère ya àwòrán sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a kò rí ibi tọ́ka sí mọ́, inú ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ni yóò kù sí. N kò fẹ́ kí ojúde kú síbẹ̀.

Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì náà. Ó ku kí n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò.