Ilẹ̀ Màámi Kò Kú, Kíkan Ló Kan

Lọ́dún tí bàbá wa papòdà, oko kékeré tí Màámi ń dá lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òdé di ọ̀rọ̀ ẹbí. Àgbàdo ibẹ̀ kì í ga ju orúnkún lọ mọ́, etí ewé rẹ̀ a sì máa pọ́n bí osùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilẹ̀ náà ti kú, kí a tà á fún àwọn tó ń kọ́lé. Màámi ò bá wọn jà. Wọ́n kàn ní, "Bí ẹ bá tà á, kí ni n ó máa jí lọ ṣe?" Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo fi bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fún wa ní ọdún méjì.

A bu erùpẹ̀ níbi mẹ́wàá nínú oko náà, a pò ó pọ̀, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Èsì rẹ̀ ni pH 4.8. Bí ìwọ̀n yìí bá ti ń rẹlẹ̀ sí 7 ni ilẹ̀ ń kan sí i, ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: ilẹ̀ tó jẹ́ 5 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tó jẹ́ 6 lọ. Nínú ilẹ̀ tó kan tó bẹ́ẹ̀, èròjà aluminium a yọ́ jáde lára erùpẹ̀, a máa ké gbòǹgbò kúrú, a sì di phosphorus mú kí irúgbìn má lè rí i fà. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń pọ́n. Òjò ló pilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ń fọ calcium kúrò nínú yanrìn Ìjẹ̀bú lọ́dọọdún. Ajílẹ̀ òyìnbó tí a ń pè ní urea, bí a kò bá fi ohun mìíràn tì í, a sì máa fi kíkan kún kíkan.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màámi, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ààtàn lò ń wí yẹn. Ta ló ń gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ààtàn?" Òótọ́ ni. Eérú ààrò àti pàǹtírí tó jẹrà ló ń bọ́ ààtàn. Àní eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú lè pa kíkan ilẹ̀.

A kó ìgbẹ́ adìyẹ lọ́dọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ kan ládùúgbò. (Oúnjẹ àwọn adìyẹ tó ń yé ẹyin kún fún calcium, púpọ̀ rẹ̀ a sì bá ìgbẹ́ jáde.) A tò ó ní ìpele-ìpele pẹ̀lú èèpo gbágùúdá àti ewé Akíntọ́lá, à ń wọ́n omi sí i, à ń yí i po, fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ọ̀gbìn, jíjó ni yóò jó o. Ẹ má sì po eérú mọ́ ọn: òórùn tí yóò ta yín nímú nígbà náà, nitrogen tí ẹ fẹ́ fún irúgbìn ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Eérú la kọ́kọ́ fọ́n. Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó da ajílẹ̀ náà sílẹ̀. Ohun tó jẹrà báyìí a máa so aluminium mọ́ra kó má baà pa gbòǹgbò lára, a sì máa pa omi mọ́ nínú yanrìn.

Ọdún kìíní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń bá àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Lọ́dún kejì, àgbàdo bo Màámi mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò tuntun ní 5.6. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàrá ń gbà, kò tíì dára. Gbágùúdá, tó ń fara da ilẹ̀ kíkan ju àgbàdo lọ, la fi síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ títà mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ooru ilẹ̀ wa, ohun tó jẹrà kì í pẹ́ tán nínú erùpẹ̀. Ọdọọdún la gbọ́dọ̀ máa fi kún un, Màámi sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n béèrè ibi tí a ti ń kó ìgbẹ́ adìyẹ. Wọ́n ní àwọn ni yóò máa ti bárò láti àsìkò yìí lọ.